Ẹnìkan Ń Wọ Ilé Tí Mo Kọ́ Sínú Géèmù

Ọdún kẹta tí mo kúrò nílé ni mo kọ́kọ́ rí kànga yẹn. Kì í ṣe ojú ayé ni mo ti rí i. Inú fóònù mi ni, nínú géèmù kan tí mò ń san owó oṣooṣù lé lórí, nínú yàrá mi ní Ilo-Awela, ní Sango. Síbẹ̀, ara mi bù máṣọ bí ìgbà téèyàn ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó bá àga tí kò rà láàárín ilé.

Ará Kétu ni mí, Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá là ń sọ nílé wa. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Nàìjíríà, mo rò pé inú ilé kan náà ni mo wà, pé yàrá ni mo kàn fẹ́ pààrọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló là mí lójú. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo ní mo fẹ́ ra wáyà tí wọ́n fi ń gbaná sí pọ́táàbù.

Ọmọbìnrin tó ń tajà wò mí. "Kí ló ń jẹ́ pọ́táàbù, àǹtí?"

Mo fi fóònù mi hàn án. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́ Yorùbá Àgànyìn. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé mi, èdè yìí ni mo ń sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di àjèjì nínú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀tà ló gbà mí síṣẹ́. Bútà là ń ṣe níbi tí wọ́n fi mí sí. Ẹ̀rọ á pọ bútà gbígbóná jáde, èmi á fi abẹ gé ike tó bá yọ létí rẹ̀, màá jù ú sínú àpò, òmíràn á ti dé. Ẹ̀rọ náà kì í sinmi, ohùn rẹ̀ kì í sì í yí padà: kù-pà, ṣìì, kù-pà, ṣìì. Lọ́jọ́ Sunday tí mo bá jókòó sílé tí gbogbo àdúgbò dákẹ́, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ. Nígbà míì màá dìde lọ síta láti wò ó bóyá lóòótọ́ ni nǹkan kan ń dún.

Wọ́n ń pè mí ní Kétu níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi gan-an fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, àfi ìyá mi lórí fóònù. Ọjọ́ Sunday la máa ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á béèrè ara mi, màá ní ara le. Wọ́n á béèrè iṣẹ́, màá ní iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n á ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀, màá ní láìpẹ́, Mà. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ní Sango lè jẹun ọ̀sán ní Kétu. Bóyá ohun tó jẹ́ kó ṣòro nìyẹn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwáwí. Èmi kò rí òkun kankan tí mo lè dá lẹ́bi. Mo kàn ń tijú láti padà bí mo ṣe lọ ni.

Ràṣídì ló mú mi mọ géèmù. Ọmọ Ìwó ni, òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ọjọ́ orí wa kò sì jìnnà síra. Tí a bá ti jáde fún ìsinmi ọ̀sán, á fẹ̀yìn ti ògiri, á gbé fóònù, bọ́ọ̀lù ló ń gbá nínú ẹ̀. Mo ní irú fóònù wo ló gbé géèmù tó tóbi tó báyìí.

"Kò sí nínú fóònù rárá," ó ní. "Inú ẹ̀rọ ńlá kan lókè òkun lọ́hùn-ún ló wà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, àwòrán ẹ̀ ni wọ́n ń rán sí wa, bí ìgbà tóo ń wo bọ́ọ̀lù tó ń lọ lọ́wọ́. O tẹ̀ ẹ́ níbí, ó gbọ́ lọ́hùn-ún."

"Tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹ, kí lò ń sanwó fún?"

"Àyè. Tóo bá san ti oṣù yìí, géèmù tó pọ̀ tó ò lè ṣe tán láyé ẹ ni wọ́n á ṣí sílẹ̀ fún ẹ. Tóo bá dákẹ́, wọ́n á ti gbogbo ẹ̀."

"Ìyẹn dà bí ilé rẹ́ǹtì."

"Ṣé o ti kọ́lé tìẹ ni?" Ràṣídì bi mí, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó ní àwọn kan ti ń pín in lò lábẹ́ orúkọ kan àti páásíwọ́ọ̀dù kan, pé àyè ẹnì kan ṣẹ́ kù. Àwọn tó ni géèmù lè má fẹ́ irú ẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òfin kan ló wà: bí ẹnì kan bá wà nínú ẹ̀, kò ní gba ẹlòmíì láyè. Mo dá sí i. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn géèmù. Ọjọ́ Sunday ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo gbìyànjú eré ìjà, mo gbìyànjú eré ọkọ̀, kò wọ̀ mí lára. Ìgbà tó yá ni mo rí ọ̀kan tí wọ́n ti ń kọ́ abúlé. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀, igi, amọ̀ àti páànù, wọ́n á fún ọ ní obìnrin kékeré kan tí wàá máa darí, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi í ṣe. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdúgbò wa kò dáa. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi ni mo máa ń jókòó sí kí ó tó gbé e. Pẹ̀lú ìyẹn náà, bí mo bá gbé ìka kúrò lórí fóònù, obìnrin náà á ṣì rin ìṣísẹ̀ méjì, mẹ́ta, kó tó dúró. Nígbà míì á yí orí padà lẹ́yìn tí mo ti fi í sílẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn kan tí èmi kò gbọ́.

Ilé bàbá mi ni mo kọ́. Mi ò pinnu rẹ̀. Ọwọ́ mi ló kàn ń lọ bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní ògiri kúkúrú níwájú, ilé ìdáná lẹ́yìn, igi agbálùmọ̀ tó tẹ̀ sórí páànù ilé ìdáná bí ẹni tó ń yọjú wo ìkòkò. Odidi oṣù kan ni mo fi ṣe é. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tí òórùn ike ṣì wà nínú irun mi, màá mú obìnrin náà jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ yẹn, èmi náà á jókòó. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, ara sì tù mí.

Lọ́jọ́ Tuesday kan ni mo bá ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yìn yàrá ìyá mi ni wọ́n lu ú sí. Mo mọ ilé yẹn bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi, kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Mo dí i. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ti padà síbẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Mo lọ bá Ràṣídì jà.

"Èmi kẹ̀? Bọ́ọ̀lù nìkan ni mò ń gbá. Mi ò wọ abúlé ẹ rí. Bóyá àwọn yòókù ni."

Mo ní kó bá mi kìlọ̀ fún wọn. Mi ò mọ̀ bóyá ó kìlọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo rí kànga náà lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹnu rẹ̀ dúdú, kò sí ìdérí. Ilé wa kò ní kànga. Omi ẹ̀rọ ni mo bá láyé. Ojú mi kò gba ihò yẹn, mo dí i. Ó padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti fi pákó dé e, wọ́n gbé òkúta mẹ́ta lé pákó náà lórí. Mo tún dí i. Lọ́jọ́ kejì, kànga wà níbẹ̀, pákó wà lórí rẹ̀, òkúta mẹ́ta, àti àtùpà kan tí wọ́n tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wó ilé mi ni, ìbínú nìkan ni ì bá mú mi. Àwọn tó ń ṣeré máa ń ba nǹkan jẹ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ẹni yìí kò ba ohunkóhun jẹ́. Ó gbá àgbàlá. Ó to igi ìdáná sí apá òsì, níbi tí ìyá mi máa ń tò ó sí gan-an, tí mi ò sì tíì to nǹkan kan síbẹ̀. Ẹnìkan ń gbé ilé wa nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́, ẹni náà sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọkàn mi kò sí lára bútà mọ́. Lọ́jọ́ Friday, abẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gé mi ní àtàǹpàkò. Wọ́n fi aṣọ wé e fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Nígbà tó di Sunday, mo pe ìyá mi.

"Ìyá mi, ṣé ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn yàrá yín rí?"

Mo gbọ́ adìyẹ tó ń ké lọ́dọ̀ wọn.

"Ta lo rí ní Nàìjíríà?" ni wọ́n wí nígbà tó yá.

"Mi ò rí ẹnikẹ́ni, Mà."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé géèmù fún wọn. Kò yé wọn. Ohun tó yé wọn ni pé mo ya àwòrán ilé wa, pé ẹnìkan tí mi ò mọ̀ ń bá mi yà á. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Kànga ńkọ́?"

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ kànga.

"Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná," mo ní.

"Ṣé wọ́n dé e?"

"Wọ́n dé e, Mà. Òkúta mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀."

Ìyá mi bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún wọn báyìí nígbà tí bàbá mi kú.

Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣínà. Wọ́n máa ń sọ pé ó wà ní Nàìjíríà, bí ìgbà téèyàn sọ pé nǹkan wà lójú sánmà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni ìyá mi sọ ìyókù. Ọmọ kan wà láàárín èmi àti Ṣínà, Àbẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Wọ́n ní kí Ṣínà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, pọn omi, kó sì dé kànga. Ó pọn omi, ó gbàgbé ìdérí, ó sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àbẹ̀ní ló kọjá lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Bàbá ẹ ò nà án," ni ìyá mi wí. "Ìbá sàn kó nà án. Kò kàn pe orúkọ ẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọ́n jọ ń jẹun, kò pe orúkọ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n ẹ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, torí pé bàbá ẹ wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yìn mi lo wà. Ìwọ ò tíì rìn."

Lẹ́yìn tó lọ tán ni bàbá mi dí kànga, ó mọ ilẹ̀kùn náà pa, ó sì fi amọ̀ rẹ́ ògiri náà títí kò fi ní àpá. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Mo sì ń pè é ní ilé tí mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Monday, mo di apá Ràṣídì mú lẹ́nu géètì. Mo ní kó dárúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí àkáǹtì yẹn fún mi.

"Èmi, ìwọ, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì kan ní Abẹ́òkúta, àti bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ onírin rí. Irin já lù ú lẹ́sẹ̀, ó wá ń ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí kan lápá Ijoko. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń sọ Yorùbá bíi tìẹ."

"Fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀."

Ó pè é lójú mi. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Ràṣídì kò mọ ibi tó ń gbé. Bí mo ṣe ṣí géèmù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo rí ìkìlọ̀ kan lójú rẹ̀: wọn yóò yọ géèmù abúlé kúrò nínú àkójọ wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Owó oṣù tí a ti san kò dá wọn dúró. Wọn kò sọ ìdí. Ilé bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀, kànga, gbogbo rẹ̀ fẹ́ lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tó já sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi náà sì fẹ́ bá a lọ.

Pátákó wà nínú géèmù náà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ abúlé. Mo ri ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Ìyá wà láàyè."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fà á tu.

Mo tún ri òmíràn: "Ìyá ò bínú. Èmi ni ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn."

Ní Wednesday, mi ò ráyè wọlé. Ó ń sọ pé ẹlòmíì wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo gbìyànjú, ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni mo jókòó sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde. Nígbà tó wá jẹ́ kí n wọlé, pátákó mi ṣì dúró. Kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sí i. Ẹni náà kàn mú obìnrin kékeré yẹn jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀, ó fi í síbẹ̀, ó lọ.

Mo pa ohun tó wà lára pátákó rẹ́. Mo kọ: "Abẹ́ bíríìjì Sango, Saturday, aago mẹ́wàá àárọ̀." Ní Thursday, abúlé náà kò sí mọ́. Àwọn géèmù yòókù wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ń tàn yinrin-yinrin. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí ohun tí mo kọ.

Mo dé abẹ́ bíríìjì ṣáájú aago mẹ́sàn-án. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Saturday, ariwo ọlọ́kadà, àwọn tó ń pe èrò, èéfín. Gbogbo ọkùnrin tó bá tiro ni mò ń wò lójú. Aago mẹ́wàá kọjá. Mọ́kànlá kọjá. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ fún ìyá mi nígbà tí mo rí bàbá mi.

Mo mọ̀ pé bàbá mi ti kú. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lọ́hùn-ún, tó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń gbọ́ rédíò. Ọkùnrin náà rí i pé mò ń wo òun, ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó ń tiro.

"Bùrọ̀dá Ṣínà!"

Kò dúró. Mo ké oríkì tí ìyá mi fi ń sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday: "Àkànní!"

Ó dúró. Èèyàn ń kọlù ú lọ, ń kọlù ú bọ̀, kò mira.

Ẹ̀gbẹ́ obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá la jókòó sí. Ó pẹ́ kó tó lè wò mí.

"Ìwọ lo kọ́ ilé yẹn?"

"Èmi ni."

"Mo rò pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni," ó ní. "Mo ṣí géèmù lọ́jọ́ kan, mo rí igi agbálùmọ̀ tó tẹ̀ sórí ilé ìdáná. Mo ju fóònù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní ilé ti wá mi dé ibí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi padà síbẹ̀?"

Ẹ̀rín kékeré kan yọ lẹ́nu ẹ̀. "Mo ṣáà ti sanwó oṣù."

Mo bi í pé kí ló dé tó gbẹ́ kànga yẹn, tó mọ̀ pé á dun òun. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi dáadáa.

"Èmi kọ́ ni mo gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn ni mo ṣe. Mo rò pé ìwọ lo gbẹ́ kànga láti fi bá mi wí. Mo kàn ń dé e ni. Ojoojúmọ́ ni màá débẹ̀, màá bá a ní ṣíṣí, màá dé e."

"Mi ò mọ̀ pé kànga wà nílé wa rí," mo ní. "Dídí ni mo máa ń dí i."

Olómi bi wá bóyá a fẹ́ omi tútù, mo gba méjì, mo na ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ti bi Ràṣídì léèrè lẹ́yìn náà. Ó bi àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti Abẹ́òkúta, wọ́n ní eré ìjà nìkan ni àwọn ń ṣe. Ràṣídì ní irú géèmù bẹ́ẹ̀ lè máa gbẹ́ kànga fúnra ẹ̀ bí abúlé bá ti tóbi dé ìwọ̀n kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Géèmù náà kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ó fi wò ó, mi ò sì ní lọ wá a níbòmíì.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ tí ìtàn yìí ta sí létí máa ń bi mí bóyá owó oṣooṣù géèmù tówó ẹ̀. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn. Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń pa eré kan tì láti mú òmíràn, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ẹ dáa, tí dátà kò ni ọ́ lára, ó tówó ẹ̀ dáadáa, torí pé o ò lè ra gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ ẹni tó máa ń fi ọkàn sí ibì kan ṣoṣo, lọ ra tìẹ. Wọ́n lè mú un kúrò lábẹ́ ìdí ẹ nígbàkúùgbà. Ní tèmi, mi ò san án mọ́. Mi ò sì kábàámọ̀ oṣù kankan tí mo san.

Ọjọ́ Sunday kejì ni ẹ̀gbọ́n mi wá sí Ilo-Awela. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó fẹ́ dìde nígbàkúùgbà, ó ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Mo ní kó má sọ nǹkan kan. Mo pe ìyá mi, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa dún síta, mo gbé fóònù sáàárín wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà níbí, Mà."

Mo wo ojú fóònù bóyá ó ti já. Kò já. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìyá mi náà ń gbọ́ ọ ní Kétu.

"Àkànní," ni ìyá mi pè é. "Ṣé o ti jẹun?"

Ohùn ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi.

"Mi ò tíì jẹun, Mà."

Mo dìde, mo gbé omi kaná.